Ọyẹ́ Nyohini

Bí oṣù kọkànlá bá ti ń parí lọ, ọyẹ́ a dé sí Nyohini láì kan ilẹ̀kùn. Ènìyàn a sùn nínú ooru. Kí ilẹ̀ tó mọ́, afẹ́fẹ́ ti yí padà, ètè ti bẹ̀rẹ̀ sí í sán, ihò imú ti gbẹ, eruku tín-ín-rín sì ti bo orí tábìlì, orí ìwé, àti ọmọrí àmù tí omi mímu wà nínú rẹ̀. Nyohini jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àdúgbò ìlú Tamale, tí í ṣe olú ìlú Ẹkùn Àríwá ní orílẹ̀-èdè Gánà. Àwọn tí ń gbé ibẹ̀ kì í ka ọyẹ́ sí àlejò, nítorí ọdọọdún ni ó ń wá. Síbẹ̀ kò sí ọdún tí wọn kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni pé wọn kò rí irú rẹ̀ rí. Bí ẹnì kan bá kí aládùúgbò rẹ̀ ní èdè Dagbani pé “Dasiba”, tí èyí sì dáhùn pé “Naa”, kì í pẹ́ kí ọ̀rọ̀ òtútù òwúrọ̀ tó tẹ̀lé e. Òrí ni wọ́n fi ń wo ètè àti gìgísẹ̀ tí ó sán. Òrí kò sì wọ́n wọn, nítorí orí ilẹ̀ tí igi òrí ti ń hù fúnra rẹ̀ ni ìlú náà wà.

Láyé àtijọ́, ìwé tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ń kà a máa sọ fún wọn pé ọdún pín sí ọ̀nà mẹ́rin: ìgbà ìrúwé, ìgbà ooru, ìgbà ìwọ́wé àti ìgbà òtútù. Ọmọ a kọ́ ọ sórí, a gba máàkì lórí rẹ̀, a sì jáde bọ́ sínú eruku ọyẹ́ láì rí ọ̀kankan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ohun tí ojú rẹ̀ ń rí ni ó yẹ kí á ti kọ́ ọ. Afẹ́fẹ́ méjì ni ó ń pín ọdún láàrin ara wọn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ọ̀kan ń ti ojú òkun wá láti gúúsù, omi ni ó sì rù. Èkejì ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà wá láti àríwá òun ìlà-oòrùn, gbígbẹ ni ó gbẹ, eruku sì ni ẹrù rẹ̀. Bí oòrùn bá ṣí lọ sí àríwá, afẹ́fẹ́ òkun a tẹ̀lé e wọ inú ilẹ̀. Bí ó bá padà sí gúúsù, afẹ́fẹ́ aṣálẹ̀ a gba ipò rẹ̀. Púpọ̀ nínú eruku náà ń wá láti Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad, níbi tí ìsàlẹ̀ adágún ńlá kan ti gbẹ láti ayébáyé. Nítorí náà, eruku tí ìyàwó ilé ń gbá kúrò lójú fèrèsé ní Nyohini ti rin ìrìn-àjò tí ó jìn ju èyí tí ọ̀pọ̀ ará ilé náà rìn rí lọ.

Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní Ìbàdàn àti ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yorùbá, ẹ̀ẹ̀mejì ni òjò ń ga nínú ọdún, tí ó sì ń sinmi díẹ̀ ní àárín méjèèjì, ní nǹkan bí oṣù kẹjọ. Ní Tamale, kò sí ìsinmi bẹ́ẹ̀. Àkọ́rọ̀ a bọ̀ ní oṣù kẹrin tàbí ìkarùn-ún, òjò a máa pọ̀ sí i títí di oṣù kẹjọ àti ìkẹsàn-án, nígbà tí ó bá sì di oṣù kẹwàá, ó di pé ó dàbọ̀. Gbogbo rẹ̀ kì í ju bíi 1,100 mìlímítà lọ lọ́dún. Kò kéré tó bí ènìyàn ti lè rò, ṣùgbọ́n inú oṣù díẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń wá. Àgbẹ̀ tí ó bá pẹ́ gbin ọkà ní Ògbómọ̀ṣọ́ ṣì lè fojú sọ́nà fún òjò kejì; ti Tamale kò ní èkejì tí yóò fojú sọ́nà fún.

Oṣù kẹta ni a ń mọ akọni. Ọyẹ́ ti lọ, òjò kò tíì dé, oòrùn a sì mú débi pé orí òrùlé páànù a máa dún. Ní àkókò yìí ni àrùn tí ń gan ọrùn, èyí tí í bá awọ inú agbárí jà, ti máa ń pa àwọn ènìyàn láti Sẹ̀nẹ̀gà títí dé Etiópíà. Láti ọdún 2010 ni a ti ń fi abẹ́rẹ́ àjẹsára tuntun dènà ọ̀kan nínú irú rẹ̀ tí ó burú jù. Àkókò yìí náà ni omi ń wọ́n. Adágún tí àwọn ènìyàn gbẹ́ fún omi òjò a fà títí yóò fi ku ẹrẹ̀. Inú irú omi bẹ́ẹ̀ ni sòbìyà ti ń wọ ara ènìyàn, àwọn àgbàlagbà Yorùbá kò sì nílò àlàyé lórí sòbìyà. Ní 2007 ó jà gidigidi ní Savelugu, ìlú tí kò jìnnà sí Tamale. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú asẹ́ aláṣọ tí wọ́n fi ń sẹ́ omi, àti omi ẹ̀rọ tí wọ́n fà, ó tán pátápátá. Ní ọdún 2015 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí i pé sòbìyà kò sí ní Gánà mọ́. Iṣẹ́ ńlá ni èyí, kò sì rí ariwo tí ó tọ́ sí i gbà.

Ìyá àgbà kan wà ní àdúgbò yìí tí ó ti lé ní ẹni 70 ọdún. Bí wọ́n bá bi í pé ohun mímu wo ni ó fẹ́ràn jù, omi inú àmù ni yóò sọ, kì í ṣe omi inú fíríìjì. Àmù méjì ni ó ní, wọ́n wà ní ẹ̀yìn ilẹ̀kùn níbi tí atẹ́gùn ọyẹ́ ti ń bá wọn. Omi díẹ̀díẹ̀ a máa jò láti ara amọ̀, afẹ́fẹ́ gbígbẹ a gbé e lọ, inú àmù a sì tutù. Bí ọyẹ́ bá ṣe gbẹ tó ni omi rẹ̀ ń tutù tó. Ìdí nìyí tí ohun tí ń gbẹ ènìyàn lọ́fun fi jẹ́ òun kan náà tí ń bá a tu omi lára.

Ní ti ohun mímu, Nyohini kò tòṣì. Ní òwúrọ̀, koko ni, ògì tí a fi jéró ṣe tí a sì fi ata àti atalẹ̀ sí, koose sì ni wọ́n fi ń mu ún. Ọmọ Yorùbá tí ó bá kọ́kọ́ rí koose yóò rẹ́rìn-ín, nítorí àkàrà ni, àkàrà gan-an. Ní ọ̀sán, fùrá wà fún ẹni tí ó fẹ́ ohun tí yóò dúró nínú. Sobolo náà wà, omi ìṣápá pupa tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní zobo. Èyí tí ó lọ́lá jù ni omi ìyẹ̀fun, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní zoomkoom. Èdè Mossi ni orúkọ náà ti wá, ìyẹ̀fun ni zoom, omi sì ni koom. Èdè Dagbani tí í ṣe ìbátan rẹ̀ ń pe omi ní kom. Ìyẹ̀fun jéró tàbí ọkà bàbà ni wọ́n ń pò mọ́ omi tútù pẹ̀lú atalẹ̀ àti ata díẹ̀. Ní apá àríwá Gánà títí wọ Burkina Faso, igbá omi ìyẹ̀fun ni wọ́n ń gbé pàdé àlejò kí wọ́n tó bi í ní ohunkóhun. Ó bọ́gbọ́n mu. Ẹni tí ó rin ìrìn-àjò nínú oòrùn nílò omi, ó sì nílò oúnjẹ, igbá kan ṣoṣo náà sì fún un ní méjèèjì.

Pito ni òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ. Obìnrin tí yóò pọn ọ́n a rẹ ọkà bàbà sínú omi, a tẹ́ ẹ kí ó lè hù, a sá a, a lọ̀ ọ́, a sè é pẹ́ títí, a fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí ó lè kan, a sẹ́ ẹ, a tún sè é. Nígbà tí ó bá tutù ni yóò tó da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ti ìṣáájú sí i kí ó lè hó. Iṣẹ́ ọjọ́ púpọ̀ ni, ọjọ́ kan péré sì ni adùn rẹ̀ máa ń pé, nítorí bí ó bá pẹ́ jù, ó di kíkan. Mùsùlùmí ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn Dagomba tí ó ni ilẹ̀ Tamale, nítorí náà àwọn obìnrin Dagaaba àti Frafra tí wọ́n ti apá ibòmíràn wá ni ó pọ̀ jù nídìí ìkòkò pito nínú ìlú. Bàbá ìyá àgbà kì í mu pito, nítorí ìsìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà a máa sọ pé òórùn ọkà tí ó ń hó a máa mú bàbá náà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, nítorí ìyá tirẹ̀ pọn ọtí ọkà bàbà ní ilé kí ẹ̀sìn tó gba agbo ilé wọn.

Kí ni ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ wá dé Tamale? Ní 1907 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé olú ìlú ilẹ̀ Àríwá kúrò ní Gambaga wá sí Tamale. Ojú irin ti dé Kumasi láti 1903, kò sì dé Tamale títí di òní. Ẹsẹ̀ àti ọkọ̀ akẹ́rù ni ó gbé ìṣòwò débẹ̀. Àwọn oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, Ọ̀fà, Ṣakí, Ìgbòho àti àwọn ìlú mìíràn ní apá ibẹ̀ rí àyè níbẹ̀. Wọ́n ń kiri abẹ́rẹ́, òwú, dígí, tìróò àti ìlẹ̀kẹ̀. Ẹni tí ó bá rí èrè a bọ́ sí aṣọ, ẹni tí ó bá rí èrè aṣọ a ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ ní ilé. Abẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì kan náà ni ìhín àti ọ̀hún wà, kò sì sẹ́ni tí ń béèrè ìwé ìgbélùú. Wọ́n kọ́ mọ́ṣáláṣí, wọ́n dá ìjọ sílẹ̀ (ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìjọ Onítẹ̀bọmi àkọ́kọ́ ní Gánà ni àwọn oníṣòwò Yorùbá, pàápàá ará Ògbómọ̀ṣọ́, bẹ̀rẹ̀), wọ́n ní ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, wọ́n sì ń fi owó ránṣẹ́ láti fi kọ́ ilé sí ìlú tí wọn kò gbé. Nígbà tí wọ́n ka ènìyàn ní Gánà ní 1960, àwọn Yorùbá tí ó wà níbẹ̀ ju 100,000 lọ.

Gánà ti gba òmìnira ní 1957, Nàìjíríà sì gba tirẹ̀ ní 1960. Ẹni tí ó jẹ́ ará ilé ní àná di àlejò láì ṣí ẹsẹ̀ kúrò ní ìsọ̀ rẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Dókítà Kofi Abrefa Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àjòjì tí kò ní ìwé ìgbélùú gbà á láàrin ọjọ́ 14, tàbí kí ó jáde. Iṣẹ́ wọ́n fún àwọn ọmọ onílẹ̀ nígbà náà, wọ́n sì ń wo ìsọ̀ àlejò bí ẹni pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ wọn sá sí. Ọjọ́ 14 kò tó láti gba gbèsè lọ́wọ́ àwọn oníbàárà, ká má tilẹ̀ sọ ti títa ilé. Aṣọ tí wọ́n rà ní owó ńlá ni wọ́n tà ní owó yẹpẹrẹ, nítorí ẹni tí ń rà á mọ̀ pé ẹni tí ń tà á kò ní ọ̀la ní ọjà náà.

Ìyá àgbà kò tíì pé ọmọ 18 ọdún nígbà náà. Tamale ni wọ́n ti bí i. Kò fojú kan Ògbómọ̀ṣọ́ rí. Ohun tí ó rántí jù kì í ṣe ẹkún, bí kò ṣe ọyẹ́. Inú eruku ni ọkọ̀ wọn gbà kọjá Tógò àti ilẹ̀ tí a ń pè ní Dahomey nígbà náà, omi inú kéèrègbè sì tán kí wọ́n tó dé ilé. Ní agbo ilé bàbá rẹ̀, wọ́n gbé omi fún un, wọ́n pè é ní “ọmọ Gánà”, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín sí Yorùbá ẹnu rẹ̀ tí Hausa àti Dagbani ti lú. Ní oṣù kẹjọ ọdún tí ó tẹ̀ lé e, òjò dáwọ́ dúró láàrin ìgbà òjò, ẹ̀rù bà á. Ó rò pé ọdún ti bàjẹ́. Àwọn ọmọ ilé rẹ́rìn-ín sí èyí náà.

Kò yẹ kí Nàìjíríà fi ọwọ́ òdodo nu ẹnu lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní oṣù kìíní ọdún 1983, ìjọba Shehu Shagari fún àwọn àjòjì tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ láti kó jáde, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ará Gánà. Báàgì tí wọ́n fi kó ẹrù ni a ń pè ní Ghana-must-go títí di òní, ọmọdé sì ń pe orúkọ náà ní ọjà láì mọ ohun tí ń sọ. Inú ọyẹ́ ni àwọn náà rìn. Kí ó tó di àkókò yẹn, ìyá àgbà àti ọkọ rẹ̀, tí òun náà jẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ti padà sí Tamale lọ gba gbèsè àtijọ́ kan. Wọn kò rí gbèsè náà gbà, ṣùgbọ́n wọ́n dúró.

Ní Dagbon, ènìyàn kò nílò ìwé láti mọ ìran rẹ̀. Àwọn onílù tí a ń pè ní lunsi ni wọ́n ń tọ́jú ìtàn ìran. Ìlù wọn, luŋa, jọ gángan: awọ ní ojú méjèèjì, ọṣán ní ẹ̀gbẹ́, abíyá ni wọ́n fi ń fún un kí ohùn rẹ̀ lè ga kí ó sì lè wálẹ̀. Ní ibi ìgbéyàwó, ibi ìsìnkú, àti nígbà ọdún Damba, onílù a dúró níwájú ènìyàn, a sì máa lu orúkọ bàbá àgbà rẹ̀ títí dé ẹ̀yìn, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọmọ Àyàn ti ń ṣe fún wa nílé. Àwọn lunsi náà ní ìtàn ìbẹ̀rẹ̀ tiwọn. Wọ́n ní Bizung ni baba ńlá àwọn, ọmọ ọba tí Naa Nyagsi bí. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tí ó kéré, àwọn ìyàwó yòókù nínú ààfin kò bọ́ ọ dáadáa, ọmọ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í lu igbá kí ó lè rí oúnjẹ jẹ. Ọmọ òrukàn ni ó bí àwọn tí ń kà ìran gbogbo Dagbon.

Ìtàn yìí wúwo ní Nyohini ju ibòmíràn lọ, nítorí ibẹ̀ ni ìjọba ní ilé kan sí tí wọ́n ti ń tọ́ àwọn ọmọ tí kò ní òbí tàbí tí a kò mọ òbí wọn. Ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Gánà, ọ̀pọ̀ ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ ọ̀rọ̀ sí ni ó ń bi í ní ìlú àwọn baba rẹ̀, bí ìwé ti Nàìjíríà ti ń béèrè ìpínlẹ̀. Ìlà kúkúrú ni wọ́n fi sílẹ̀ fún ìdáhùn náà. Ẹni tí ó ṣe ìwé bẹ́ẹ̀ kò ro ti ọmọ tí kò ní nǹkan tí yóò kọ síbẹ̀, kò sì ro ti ọmọ tí ohun tí yóò kọ pọ̀ ju àyè lọ.

Ọmọ-ọmọ ìyá àgbà, ọmọkùnrin tí wọ́n bí sí Nyohini, gbé irú ìwé náà wá sílé ní ọjọ́ kan.

“Ìyá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ìlú wo ni kí n kọ síbí?”

“Ìlú wo ni ìwọ rò, ọkọ mi?”

“Tamale ni mo rò, mà. Ibí ni wọ́n bí mi sí, ibí náà ni wọ́n sì bí ẹ̀yin sí.”

“Bàbá rẹ ńkọ́?”

“Ẹ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni, lẹ́yìn tí wọ́n lé yín.”

“Bàbá tèmi náà, Ògbómọ̀ṣọ́ ni.” Ìyá àgbà fi ìka ka ìran mẹ́rin: Ògbómọ̀ṣọ́, Tamale, Ògbómọ̀ṣọ́, Nyohini. Ó wá ki ọmọ náà ní oríkì orílẹ̀ ọkọ rẹ̀, ti ìran Oníkòyí, ó kì í dé ibi tí ó mọ̀ ọ́n dé, nítorí ìyàwó ilé ni ó fi kọ́ ọ, kò sì pẹ́ nínú agbo ilé náà kí wọ́n tó padà. Ọmọ náà dúró jẹ́ẹ́ títí ó fi parí.

“Ògbómọ̀ṣọ́ ni kí o kọ,” ni ìyá àgbà wí.

Ọmọ náà kọ ọ́, ó fi àmì ohùn sí i bí wọ́n ti kọ́ ọ nílé, àyè sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbà á. Lẹ́yìn náà ni ó bu omi àmù fún ìyá àgbà, ó sì béèrè bóyá òjò Ògbómọ̀ṣọ́ jọ ti Tamale. Ìyá àgbà mu omi náà tán, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún un nípa oṣù kẹjọ.